Ẹ Má Ti Inú Yàrá Ìyá Àgbà Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká lọ fún ìsinmi, mo sì mọ ohun tó ń dúró de ọ̀pọ̀ nínú wa nílé. A ò ní tíì sọ báàgì kalẹ̀ tán tí màmá á fi ní, "Ẹ ṣé tí ẹ tètè dé. Ilé yìí ti sú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ máa bá mi palẹ̀ rẹ̀ mọ́." Àwa náà á dáhùn pé, "Ó dáa, mà." Lẹ́yìn náà a ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, a ó wo ẹrù láti ilẹ̀ dé àjà, á rẹ̀ wá láìtíì fọwọ́ kan nǹkan kan, a ó sì padà lọ jókòó ti fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Lójú tèmi, ọ̀lẹ kọ́ ló ń dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kò dára. A máa ń fẹ́ mú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹrù tó yẹ kó gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé mo ti ṣe é rí, ó sì bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa ohun tó kún ilé wa. Jọ́ọ̀sì ni ilé tiwa wà, ṣùgbọ́n mo ti dé ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kàdúná àti ní Mìnà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Abọ́ àti kúlà tó ti òde ìsìnkú wá, tí àwòrán olóògbé ṣì wà lára wọn. Aṣọ ẹbí tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ike áísìkrímù tí èèyàn á fi ayọ̀ ṣí, tí á wá bá ẹ̀gúsí nínú rẹ̀. Ọ̀rá tí a kó sínú ọ̀rá, tí a tún fi ọ̀rá náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Páálí tẹlifíṣàn, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣàn tó wà nínú rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré méjì tí kò lè tan gílóòbù kan. Káléńdà ìjọ ti ọdún 2011. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú ilé pé kí la fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Ó máa wúlò lọ́jọ́ kan."

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya tún ní ẹrù mìíràn tí àwọn ará ilé kì í sábà ní. Ẹrù tó ń dúró de ilé ni. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ilẹ̀kùn onípákó mẹ́ta àti ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ló fẹ̀yìn ti ògiri. Bàbá mi àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló rà wọ́n fún ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé yẹn ò tíì ní òrùlé títí di òní. Ewúrẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé lọ sùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní Jọ́ọ̀sì, ó ń dúró dè é. "Nígbà tí a bá ń lọ sílé" ni gbogbo wa máa ń wí. Ẹni tó bá ń múra àtilọ sílé láti ogójì ọdún sẹ́yìn, báwo ni ẹrù rẹ̀ ṣe máa dín kù?

Ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ẹrù di ọ̀ràn nílé wa. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, dìde pé àwọn fẹ́ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kọ́ Ghana-Must-Go kan tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi POP dì í tán nílé ìwòsàn, dókítà pe màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí a dúpẹ́ pé ọwọ́ ni. Ó ní bó bá jẹ́ egungun ìbàdí ló ṣẹ́ fún ẹni ọjọ́ orí wọn, ẹlòmíì kì í dìde rìn dáadáa mọ́. "Ẹ lọ ṣí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nínú ilé," bó ṣe wí nìyẹn.

Mo wá bínú sí ẹrù. Lọ́jọ́ tí màmá mi mú Ìyá Àgbà padà lọ fi ọwọ́ han dókítà, mo pe àbúrò mi ọkùnrin, mo ní, "Òní ni ilé yìí máa mọ́. Nígbà tí wọ́n bá máa dé, wọn ò ní mọ̀ ọ́n mọ́." Inú yàrá Ìyá Àgbà la ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló kún jù. A fa gbogbo ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. A sọ ti orí kọ́bọ́ọ̀dù kalẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, pálọ̀ ti kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ò sì rí ibi jókòó. Àbúrò mi ní ebi ń pa òun. Èmi náà wo ohun tí mo kó sílẹ̀, àyà mi já. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí mo mọ ibi tó ń lọ.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó o dànù láìwò, kí n ṣáà lè rí ilẹ̀. Àwọn Baban Bola tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò wa ń kọjá lọ, mo pè wọ́n wọlé. Wọ́n kó jẹnẹrétọ̀ tó ti kú, wọ́n kó páànù, wọ́n kó ìkòkò tó lu, wọ́n kó àwọn abọ́ tánganran àtijọ́ tó ti bó lẹ́nu. Wọ́n fún mi ní náírà 2,500. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì àti mínírà fún èmi àti àbúrò mi, a sì jókòó sórí ẹrù, à ń jẹ ẹ́.

Ìyá Àgbà dé nírọ̀lẹ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ní, "Abọ́ mi dà?"

Mo ní, "Abọ́ wo ni, mà?"

"Abọ́ tánganran olódòdó. Èyí tí etí rẹ̀ ti bó."

Mo ní mo ti tà á. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ tó wà nínú POP lé itan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti palẹ̀ mi mọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Màmá mi ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó sọ ọ́ fún mi. Kùmásí, ní Gánà, ni Ìyá Àgbà ń gbé nígbà ọ̀dọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wà ní Gánà nígbà náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho, Ṣakí, Ìlọrin, tí wọ́n ń ṣòwò láti ìlú dé ìlú. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ ibòmíràn rárá, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ìyá Àgbà di aṣọ ọmọ wọn àkọ́kọ́ àti gààrí sínú abọ́ tánganran kan, wọ́n gbé e rù, wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù gba Tógò àti Dàhòmì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, títí wọ́n fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní ní Kùmásí, abọ́ yẹn ló kù. Òun ni mo tà, tí mo fi ra mínírà.

Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà pàṣẹ irú rẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà sì kó ẹrù sínú báàgì onílà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ yẹn sáré lọ sílé. Bí báàgì náà ṣe gba orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn. Mo rò ó lóru ọjọ́ yẹn pé báàgì tó gbé Ìyá Àgbà ṣubú, irú ìrìn àjò tiwọn gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ.

Èmi àti àbúrò mi jí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn irin lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní wọ́n ti fi ọkọ̀ kó ti àná lọ. A ò rí i. Títí di òní, a ò rí i.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé ó yí èrò mi padà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rí ilé tó kún, mo máa ń sọ nínú ara mi pé onílé náà ò mọ́ tótó ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n ti lé jáde lọ́wọ́ òfo rí, ike lè má jẹ́ ike lásán lójú rẹ̀. Ẹni tí kò lówó láti ra òmíràn bí ti ọwọ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, kò lè ju ti àtijọ́ nù wẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ọjọ́ iwájú wà nínú ẹrù àwọn òbí wa, ìrántí àná sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbé ohun kan sọ́wọ́, àwa tí a fẹ́ palẹ̀ mọ́ ní láti dáhùn ìbéèrè: Ta ló ni ín? Ibo ló ti wá? Ta ló máa bi wá tí a ò bá rí i mọ́? Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún lọ́nà kan, lóòjọ́ kan, ta ni kò ní rẹ̀?

Síbẹ̀, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ká fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà nítorí ìrántí. Ọwọ́ ló ṣẹ́ yẹn o. Ìrántí ò ní kí èèyàn má rí ọ̀nà gbà lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá Àgbà ò lè gbé ẹrù, èmi ò sì mọ ìtàn ẹrù. Àfi ká jọ ṣe é. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì gbà, a tún un bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Àkọ́kọ́, ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà la ti bẹ̀rẹ̀. A ò wo yàrá rárá, a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. A mú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan, láti ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fi fóònù màmá mi ka ogún ìṣẹ́jú. Bó bá ti dún, a dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi ṣì ń yún mi láti ṣe sí i. Ohun tí a fa jáde láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, a gbọ́dọ̀ ti yanjú rẹ̀ kí aago tó dún. Kò sí pé a kó nǹkan sílẹ̀ sùn. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ là. Ìyá Àgbà rìn ín lọ, wọ́n rìn ín bọ̀, wọ́n ní, "Ṣé ilé yìí fẹ̀ báyìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló fún mi lágbára láti tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù, kò ní rí irú ìdùnnú yẹn kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ìkejì, ohun tí kò ní ìtàn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ilé ìdáná la mú tẹ̀ lé ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ń sunkún nítorí ike. Mo ka ike áísìkrímù àti ti bọ́tà: 37. Mo ka ìdérí: 14. Ẹ fojú inú wò ó. Nígbà tí a dé wọn wò níkọ̀ọ̀kan, 9 péré ló bára mu. Mẹ́sàn-án yẹn dúró, ìyókù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, gílóòbù tó ti jó, bírò tí kò ní yíǹkì, bátìrì tó ti ń ṣomi, ìwé ìpolówó páátì ọdún tó kọjá. A ka ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sì kúrò nínú ilé. Oògùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ọwọ́ èèyàn máa ń mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ báyìí. Nígbà tí ó bá fi máa dé orí ohun tó ní ìtàn, ó ti mọ bí a ṣe ń pinnu.

Ìkẹta, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sára páálí mẹ́ta gàdàgbà: Ó DÚRÓ, Ó Ń LỌ, Ẹ BI ÌYÁ. Páálí kẹta yìí ló yàtọ̀ sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohunkóhun tí mo bá ṣiyèméjì lé lórí, mi ò ní jókòó rò ó, inú rẹ̀ ni mo ń jù ú sí. Lálẹ́, lẹ́yìn àdúrà, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá Àgbà, wọ́n á wo ohun márùn-ún, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n á sì fẹnu ara wọn dájọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹnu yà mí. Oríkì ìran wa tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti kọ́ mi fún ọdún méjì, ìdí páálí yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹrù tí mo rò pé wọ́n máa dì mú, òun ni wọ́n ń jù nù. Mo gbé léèsì aláwọ̀ ewé kan jáde, mo ní èyí ṣì dára. Wọ́n ní, "Gbé e lọ jàre. Aṣọ ìgbéyàwó ta ni? Tọkọtaya yẹn fúnra wọn ti kọ ara wọn." A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọrogùn kékeré kan tó ti ṣẹ́ nídìí, tí èmi ì bá fi dáná, ni wọ́n ní kí n gbé padà síbi tó wà. Mi ò bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní ó dúró, ó dúró nìyẹn.

Ìkẹrin, ohun tó ń lọ gbọ́dọ̀ rékọjá ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá sun ìdí ilẹ̀kùn mọ́jú, ẹnìkan máa lọ tú u wò, ìdajì rẹ̀ á sì padà wọlé. Aṣọ tó dára, a kó o lọ fún àwọn tó nílò rẹ̀ nínú ìjọ àti ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè wọ̀ nítorí pé ó ya, ẹ má gbé e fún èèyàn pé ẹ̀ ń ṣàánú. Ẹ sọ ọ́ di ìnulẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ má ju ìwé kankan nù lójú ara yín. Ìwé kékeré tó ti pọ́n lè jẹ́ ìwé ẹ̀rí, ó sì lè jẹ́ ìwé ilé. Káléńdà ọdún 2011 tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn, nígbà tí a ká a kúrò lára ògiri, rìsíìtì owó ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Bàbá Àgbà fi séènì mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta ni màmá mi àti àwọn àbúrò wọn ti fi wá a. Bó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tí mo ń kó nǹkan dànù láìwò, ẹ mọ ibi tí ìwé yẹn ì bá wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú kéré. Ibi tí ẹrù bá pẹ́ sí ni eku ń bímọ sí. Àwa tí a ń gbé apá ibí yìí mọ ibà Lassa. Ọdún 1969 kan náà ni wọ́n dá a mọ̀, ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno ló sì ti gba orúkọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé e dé ara oúnjẹ àti ohun èlò ilé. Nítorí náà, bí ẹ bá fa páálí jáde tí ẹ sì rí ìgbẹ́ eku, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a ní gbígbẹ, torí pé eruku rẹ̀ á dìde wọ imú yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ wọ́n omi tí ẹ po Jik mọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó rin fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó fi àkísà nù ún, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Gààrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà ò gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tó là sílẹ̀. Inú ohun tó ní ìdérí tó dé pinpin ni kí ẹ kó wọn sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́ kéré jù, pé ìgbà wo la fẹ́ ṣe é tán. Èsì mi ni pé èmi ti fi odidi ọjọ́ kan ṣe é rí, ẹ sì ti gbọ́ ibi tó já sí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún la fi ṣe tiwa kí n tó padà sílé ìwé, yàrá Ìyá Àgbà ló sì gbẹ̀yìn. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ilé ti dán. Ilẹ̀kùn mẹ́ta yẹn ṣì ń bẹ. A gbé wọn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, ibi tí kò ti lè kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn ò tíì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lórí wọn. A fi wọ́n sílẹ̀. Ilé tó mọ́ tó bí onílé ṣe lè gbé inú rẹ̀ láìṣubú ti tó fún mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ foríjì mí, ó kan yín díẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé tí ẹ bá ń yẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì wò, ẹ mọ̀ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la máa ń ti gbogbo nǹkan sí, a ó sì da aṣọ ìbora bò ó. Bí ẹ bá ti jáde, ó tún padà síbi tó wà. Ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́. A ò kọ́ bí a ṣe ń pinnu ohun tó yẹ ká ní. Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa fi Sátidé tó gbẹ̀yìn nínú táàmù yìí ṣe ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ àpótí. Kí olúkúlùkù mú igun kan péré nínú lọ́kà rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù tó ti kéré fún wa ṣùgbọ́n tí kò tíì gbó, ká fọ̀ ọ́, ká lọ̀ ọ́, ká kó o fún olùkọ́ tó ń mójú tó ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n fún àwọn ọmọ JSS1 tí wọn ò ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá kọ́ ọ níbí, kò ní dúró bí òpó lẹ́nu ọ̀nà yàrá nígbà tó bá délé.

Nítorí náà, bí màmá bá ní ẹ wá palẹ̀ ilé mọ́, ẹ dáhùn pé ó dáa, mà. Ẹ má lọ sí yàrá tó kún jù. Ẹ lọ síbi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Ẹ gbé ohun kan, kí ẹ tún gbé òmíràn. Ike tí kò ní ìdérí, ẹ jù ú nù, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìdí abọ́ tánganran kan tí etí rẹ̀ ti bó, ẹ dúró ná. Ẹ kúnlẹ̀, tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kí Ọlọ́run mú gbogbo wa délé láyọ̀ o.